Ààrò Tó Sọ Akéwì Dèrò Ẹ̀wọ̀n

Òtútù ló kó Muhammad al-Maghut wọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ, ó sì sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó kú. Ní Salamiyah, ìlú kan létí aṣálẹ̀ ní ìlà-oòrùn Hama, lórílẹ̀-èdè Síríà, ẹgbẹ́ méjì ló ń fa àwọn ọ̀dọ́ mọ́ra nígbà náà. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ Ba'ath jìnnà sílé wọn, ajá burúkú kan sì wà níbẹ̀. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kejì, Syrian Social Nationalist Party, wà nítòsí, ààrò sì wà nínú rẹ̀ tí iná ń jó. Ọmọ tálákà ni al-Maghut. Òtútù ibẹ̀ kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa tí aṣọ kan ṣoṣo lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá wọ ibi tí iná wà, ó jókòó, ó yáná, ó sì di ọmọ ẹgbẹ́. Kò ka ìlànà ẹgbẹ́ náà, kò sì wá ẹni tí yóò ka á fún un.

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí á rẹ́rìn-ín, òun náà sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń dápàárá. Ṣùgbọ́n iná tó yá lọ́jọ́ náà jó o jìnnà. Ìdí tí mo fi fẹ́ rò ó fún ará Ìkirè àti Àpòmù níhìn-ín l'Ọ́ṣun nìyẹn, nítorí àwọn tó ń gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ kiri kì í pẹ́ tún dé.

Ẹni tó kọ́ kéwú níhìn-ín lè má gbọ́ orúkọ al-Maghut rí. Láti ìgbà tí Sheikh Adam Abdullah al-Ilory ti dá iléèwé Lárúbáwá tó ń jẹ́ Markaz sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1952, tó sì gbé e lọ sí Agége lọ́dún 1955, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde níbẹ̀ ti dá ilé kéwú sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ tó bá jókòó níwájú irú àwọn àfáà bẹ́ẹ̀ yóò gbọ́ ewì Lárúbáwá: tàwọn ará ìgbà tí Ìsìláàmù kò tíì dé, ti al-Mutanabbi, bóyá ti Ahmad Shawqi ará Íjíbítì tí olùkọ́ bá fẹ́ rìn jìnnà. Gbogbo wọn ló ní òṣùwọ̀n, tí ìró kan náà sì ń parí ìlà wọn láti òkè délẹ̀. Al-Maghut kò bá òṣùwọ̀n kankan lọ ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ geere ló ń kọ, ọ̀rọ̀ ẹni tí ebi ń pa tó jókòó sẹ́bàá títì. Tẹ́ ẹ bá gbé e fún àfáà àtijọ́, á ní èyí kì í ṣe ewì. Òun náà kò kúkú jiyàn. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀, òun ò mọ̀ pé ewì lòun ń kọ, òun kàn ń kọ ohun tójú òun rí sílẹ̀ ni.

Ọdún 1934 ni wọ́n bí i. Àgbẹ̀ tí kò rí já jẹ ni bàbá rẹ̀. Wọ́n fi ọmọ sí iléèwé iṣẹ́ àgbẹ̀ kan nítòsí Damásíkù, nítorí pé oúnjẹ àti ibùsùn wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ iléèwé náà, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣàánú ọmọ òun, pé òtòṣì làwọn. Ńṣe ni wọ́n lẹ lẹ́tà ọ̀hún mọ́ pátákó tí wọ́n ń lẹ ìkéde mọ́, níbi tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti lè rí i kà. Wọ́n kà á, wọ́n sì fi ọmọ náà ṣẹ̀sín. Ẹ wo ọmọdékùnrin tó dúró lẹ́yìn èrò, tó ń wo ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ lára pátákó, tí ẹ̀rín ń bú lọ́tùn-ún lósì. Ó sá kúrò níbẹ̀, ó forí lé Salamiyah, ẹ̀kọ́ iléèwé sì parí síbẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá ti fi òṣì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ tó báyìí, ibikíbi tí wọ́n bá ti ní kó wọlé kó jókòó ló máa wọ̀. Èmi ò ní bá a wí lórí ìyẹn. Àwọn tó ń wá èrò kún ẹgbẹ́ ni mo ń bá wí, nítorí wọ́n mọ ibi tó ń ro àwọn èèyàn.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1955, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré kan ní Damásíkù. Colonel Adnan al-Malki, igbákejì ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun Síríà, jókòó ń wòran. Sájẹ́ńtì kan yìnbọn pa á. Ọmọ ẹgbẹ́ Syrian Social Nationalist Party ni sájẹ́ńtì náà. Ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ ọ̀hún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ káàkiri. Wọn ò bi ẹnì kankan bóyá ìlànà ló kà ni tàbí iná ló yá. Bí wọ́n ṣe kó al-Maghut mọ́ wọn nìyẹn, tí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n Mezzeh. Kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ.

Wọ́n lù ú níbẹ̀. Títí tó fi darúgbó ló máa ń sọ pé nǹkan kan kán nínú òun ní Mezzeh tí kò ṣeé tò mọ́, àti pé ẹ̀rù tó wọ òun lára níbẹ̀ kò jáde. Ibẹ̀ náà ló ti ń kọ ewì. Níwọ̀n bí kò ti sí ìwé, bébà sìgá ló ń kọ ọ́ sí, lẹ́tà kéékèèké, ó sì fi wọ́n pamọ́ sínú aṣọ abẹ́ tó wọ̀ nígbà tí wọ́n ń tú u sílẹ̀. Wọ́n tú gbogbo ara rẹ̀ wò, wọn ò rí wọn, tàbí wọn ò kà wọ́n sí.

Iyàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n fi akéwì mìíràn sí, Ali Ahmad Said, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Adonis. Ọmọ ẹgbẹ́ yẹn lòun náà. Ṣùgbọ́n Adonis ti gboyè yunifásítì, ó mọ ohun tó tìtorí ẹ̀ wọ ẹgbẹ́, ó lè bá ọ jiyàn lé e lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èyí tó mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀, ògiri kan ló wà láàárín wọn.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ṣebí ẹ̀wọ̀n yẹn ló sọ ọ́ di akéwì, kí ló wá burú ńbẹ̀? Irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í dùn mọ́ mi. Ẹ lọ bi àwọn tí wọ́n kó pẹ̀lú rẹ̀ tí wọn ò di akéwì, tí wọn ò di ohunkóhun.

Nígbà tó jáde, ó sá lọ sí Beirut ní Lẹ́bánónì. Níbẹ̀, Yusuf al-Khal dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ lọ́dún 1957 tó pè ní Shi'r, èyí tó túmọ̀ sí ewì, àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ló sì yí i ká. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé Adonis ka ewì kan fún wọn níbi ìpàdé, kò dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mẹ́nu lé orúkọ àwọn àgbà akéwì ilẹ̀ Faransé, Baudelaire, Rimbaud. Adonis wá nawọ́ sí ọ̀dọ́kùnrin kan tí irun rẹ̀ rí játijàti, tó jókòó jẹ́ẹ́ ní kọ̀rọ̀, ó ní ẹni tó ni ín nìyẹn. Lọ́dún 1959, ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ẹni tó sá níléèwé iṣẹ́ àgbẹ̀ wá di ọ̀kan lára àwọn tó yí ewì Lárúbáwá padà, àwọn yunifásítì sì ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ rẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀sùn ààrò kò tíì tán o. Lọ́dún 1958, Síríà àti Íjíbítì di orílẹ̀-èdè kan lábẹ́ Gamal Abdel Nasser, wọ́n tú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ká, àwọn agbófinró sì tún ń wá ẹni tó ti bá ẹgbẹ́ aláàrò yẹn ṣe rí. Nígbà tí al-Maghut padà sí Damásíkù, ó sá pamọ́ sí yàrá kan tí òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé ńṣe lèèyàn ń tẹ̀ ba kó tó wọ̀ ọ́. Akéwìbìnrin kan, Saniya Salih, ló ń gbé oúnjẹ àti ìwé wá fún un níbẹ̀, òun náà ló sì wá fẹ́ níyàwó. Ibẹ̀ ló ti kọ eré tó dá lórí ẹyẹ tó yọ iké lẹ́yìn, èyí tó jáde lọ́dún 1967. Ẹ̀wọ̀n tún pè é lọ́dún 1961, lọ́tẹ̀ yìí fún oṣù díẹ̀.

Iṣẹ́ ìròyìn ló fi ń jẹun láti ìgbà yẹn lọ, ibẹ̀ sì ni ìtàn rẹ̀ ti dùn jù fún èmi. Ọkùnrin tí ọlọ́pàá ti lù tí wọ́n sì ti lé kiri, wọ́n fi í ṣe olóòtú ìwé ìròyìn àwọn ọlọ́pàá Síríà! Ó gbà á, ó sì ń fi inú rẹ̀ sọ òkò ọ̀rọ̀ sí ìjọba. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Tishreen, ìwé ìròyìn ìjọba, níbi tí òun àti Zakaria Tamer, ọ̀gá nínú ìtàn kúkúrú, ti jọ ń kọ àpilẹ̀kọ: tí ọ̀kan bá kọ tòní, èkejì á kọ tọ̀la. Ó kọ̀wé fún al-Mustaqbal tó ń jáde ní Paris, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní Sharjah fún ìwé ìròyìn al-Khaleej.

Àwọn tí kò kàwé rárá mọ̀ ọ́n nípasẹ̀ eré. Òun àti òṣèré aláwàdà Duraid Lahham jọ gbé eré jáde lórí ìtàgé láti ọdún 1974, wọ́n sì ṣe fíìmù kan, al-Hudud, lọ́dún 1984. Ọkùnrin kan ló sọ ìwé ìrìnnà rẹ̀ nù láàárín orílẹ̀-èdè méjì. Orílẹ̀-èdè tó ti kúrò kò gbà á padà, èyí tó ń lọ kò jẹ́ kó wọlé. Ó bá kọ́lé sí ààlà, ó ń ta nǹkan mímu fún àwọn tó ń kọjá. Ẹni tó bá ti gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu rí, tí àwọn aṣọ́bodè dá dúró nítorí bébà, kò nílò ògbufọ̀ fún fíìmù yẹn.

Àwọn kan bínú sí i nítorí eré wọ̀nyí. Wọ́n ní ìjọba Hafez al-Assad, ààrẹ Síríà nígbà náà, fi í sílẹ̀ kó máa pa aráàlú lẹ́rìn-ín ni, kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín tán kí wọ́n sì relé sùn láìbínú. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ fún ọkùnrin tó ti dé Mezzeh. Ẹni tí ẹ̀rù bà tó sì ṣì sọ ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ sàn ju ẹni tí kò sọ nǹkan kan lọ.

Ohun tó máa ń mú mi ronú jù ni ti ajá yẹn. Ẹgbẹ́ Ba'ath, tí al-Maghut sá fún ajá rẹ̀ nígbà èwe, gbàjọba Síríà ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 1963, kò sì gbé e sílẹ̀ títí di ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 2024. Ọ̀pọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ tó kù ló fi wà lábẹ́ wọn, owó oṣù tó gbà ní Tishreen, lọ́wọ́ wọn ni. Ẹnìkan á ní, ṣé ẹ rí i, ká ní ó fara mọ́ ajá náà ni, ì bá di mínísítà. Rárá o. Salah Jadid, tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá nínú ẹgbẹ́ Ba'ath láàárín ọdún 1966 sí 1970, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e jù sẹ́wọ̀n, ó sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́tàlélógún níbẹ̀ kó tó kú lọ́dún 1993. Mezzeh kan náà ni. Aláàrò wọ̀ ọ́, alájá náà wọ̀ ọ́.

Ìgbẹ̀yìn al-Maghut kò rọrùn. Saniya kú sí ọsibítù kan ní Paris lọ́dún 1985 lẹ́yìn àìsàn jẹjẹrẹ, ó fi ọmọbìnrin méjì sílẹ̀ fún un. Bàbá al-Maghut kú lọ́dún kan náà, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ́dún 1987. Ọtí àti sìgá wá di ọ̀rẹ́ tí kò fi í sílẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Sultan Al Owais lọ́dún 2005, ó sì kú ní Damásíkù ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2006. Salamiyah ni wọ́n sin ín sí.

Kí ló wá kan wa ńbẹ̀ láti Ìkirè dé Àpòmù? Ó kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Ọjà Àpòmù ni ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ọ̀wu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ra tà láyé àtijọ́. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìtàn Yorùbá rẹ̀ pé wọ́n ń jí àwọn èèyàn gbé níbẹ̀, wọ́n ń sọ wọ́n dẹrú, ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ohun tó fa ogun Ọ̀wu. Ẹni tó ru ẹrù wá tà sọ́jà ni wọ́n tà. Kò sì jẹ̀bi, ọjà ló wá ná.

Nígbà tó tún di oṣù kẹwàá ọdún 1965, tí ìdìbò ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dàrú, àwọn kan di ọmọ ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀, àwọn kan di ọmọ ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, aládùúgbò sì ń da bẹntiróòlù lé aládùúgbò. Àwọn àgbà wa mọ̀ ọ́n sí wẹtíẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, ológun gbàjọba, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi òfin tú gbogbo ẹgbẹ́ ká, Dẹ́mọ̀ àti Ọlọ́pẹ lápapọ̀. Ẹgbẹ́ ti lọ, ilé tó jó kò padà. Mélòó nínú àwọn tí wọ́n sun nílé lẹ rò pé wọ́n ti ka ìwé òfin ẹgbẹ́ wọn?

Lóde òní, ààrò náà ti yí ìrísí padà. Tí ìdìbò bá ń sún mọ́lé, ọkọ̀ ẹgbẹ́ á dúró lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ní Ìkirè. Wọ́n á ra gbogbo dòdò Ìkirè tó wà lórí àtẹ obìnrin kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, dúdú mirinmirin, tepo tata, wọ́n á máa pín in fún àwọn ọlọ́kadà. Ọlọ́kadà á jẹ ẹyọ kan, á nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, á gba báírò, á kọ orúkọ, á kọ nọ́ńbà fóònù, àtẹ̀ka epo á sì wà lára ìwé. Ẹ bi í pé kí ni ẹgbẹ́ náà fẹ́ ṣe fún oko kòkó tàbí fún iléèwé, á ní ẹ̀gbọ́n, èwo lẹ tún gbé dé yìí? Láti ọdún 2018 tí wọ́n ti ń pariwo "dìbò kóo sebẹ̀" l'Ékìtì, ọ̀rọ̀ náà ti di àwàdà lẹ́nu wa. Al-Maghut náà ń ṣàwàdà.

Nàìjíríà kì í ṣe Síríà ọdún 1955, mo mọ̀. Kò sí ẹni tó máa kó yín lọ Mezzeh nítorí káàdì ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹ kọ yẹn kì í sùn. Nígbà tí wọ́n ṣe Òfin Ìdìbò lọ́dún 2022, ó pàṣẹ pé kí gbogbo ẹgbẹ́ ní ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, ti bébà àti ti kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí àjọ elétò ìdìbò, INEC, ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdìbò abẹ́lé wọn. Òfin ọdún 2022 kan náà sọ nígbà náà pé ẹni tó gba owó nítorí ìbò àti ẹni tó fún un, ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n jọ dá: owó ìtanràn tí kò ju ₦500,000 lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjìlá, tàbí méjèèjì. Àwa tí a wà l'Ọ́ṣun sì rí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Nígbà tí ìjọba tuntun dé, àṣẹ jáde pé gbogbo ẹni tí ìjọba àná gbà síṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún yẹn, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò sọ ẹni tó jàre. Ohun tí mo ń wí ni pé nígbà tí àwọn ńlá bá jà, wọn kì í bi ẹni kékeré bóyá ó mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó dúró síbi tó dúró sí.

Ẹ̀yin ọmọ ilé kéwú tí ẹ gbọ́ Lárúbáwá, ẹ wá ìwé al-Maghut kà, kódà bí àfáà bá ní kì í ṣe ewì. Ẹ̀yin yòókù, mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣẹgbẹ́. Ìlú tí kò sí ẹni rere nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn jàǹdùkú ló ń bá a ṣe é. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ kọ́kọ́ gba ìwé òfin ẹgbẹ́ kí ẹ tó gba báírò. Bí wọ́n bá ní kò sí lọ́wọ́, ẹ ní kí wọ́n lọ mú un wá, ẹ ó dúró dè wọ́n.